Pẹ̀lẹ́ kọ́ ni “mo jẹ̀bi”

Ìyá kan tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyí: “Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ nílé wa lọ́jọ́ Àìkú, ẹ bá wa dá sí i. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ní bí ẹni ńlá kan bá jáde sọ pé òun wà lẹ́yìn ẹni tó ní wọ́n ṣe òun níbi, tí ọ̀rọ̀ náà padà já sí irọ́, ẹni ńlá yẹn kò ní láti tọrọ àforíjì. Ó ní bí wọ́n bá ń tọrọ rẹ̀, ẹni tí wọ́n fìyà jẹ ní tòótọ́ kò ní rí ẹni tí yóò gbà á gbọ́ mọ́. Èmi ní dandan ni kí wọ́n tọrọ rẹ̀, torí ẹnu wọn ló jẹ́ kí ayé gba irọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ní òun ò rí olóṣèlú tó gbà pé òun jẹ̀bi rí láyé òun, kí á jẹ́ kí òun jẹ iyán òun. Ta ló jàre nínú wa?”

Bàbá wọn ló jàre jù, torí iyán kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti ọmọ yín, bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ẹ ò tilẹ̀ jiyàn lórí nǹkan kan náà. Ọmọ yín ń bẹ̀rù nítorí ẹni tó ń bọ̀ wá fẹjọ́ sùn lọ́la. Ẹ̀yin ń káàánú ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́ lánàá. Èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, àwọn méjèèjì ló sì yẹ ká ro tiwọn. Ohun tó jẹ́ kó dà bíi pé ẹ ń ta ko ara yín ni ọ̀rọ̀ “àforíjì” yìí, tí a fi ń bo oríṣiríṣi nǹkan mọ́lẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni Yorùbá ń sọ tí Òyìnbó fi “sọ́rì” kan ṣoṣo kó pọ̀. Bí ẹnìkan bá kọsẹ̀ lójú títì, tí ẹ wà ní òdìkejì ọ̀nà, ẹ̀yin tí ẹ ò fọwọ́ kàn án, ẹ ó pariwo pé “pẹ̀lẹ́ o!” Kò sẹ́ni tó máa rò pé ẹ̀yin lẹ gbé òkúta síbẹ̀. Ẹ kàn ń bá a dárò ni. Bí ẹ bá ń wá ọ̀nà kọjá láàárín èrò ọjà, ẹ ó ní “ẹ má bínú,” wọn á sì yẹ̀ fún yín. Ẹ tún lè sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tú gbólóhùn yẹn wò dáadáa: ẹni tí nǹkan ń dùn ni wọ́n ń rán níṣẹ́ níbẹ̀. Òun ni wọ́n ní kó gbé ìbínú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀. “Mo jẹ̀bi” nìkan ni ẹni tó ṣẹ̀ ti ń gbé ẹrù lé ara rẹ̀ lórí. Nínú ohun tí àwọn ẹni ńlá ń gbé jáde lẹ́yìn tí irọ́ bá tú, èyí tó pọ̀ jù tí mo ti gbọ́ jẹ́ pẹ̀lẹ́. Díẹ̀ jẹ́ ẹ má bínú. Mo jẹ̀bi ṣọ̀wọ́n bí ojú.

Mo mọ̀, torí èmi náà ti ṣe é. Ọdún 26 ni mo lò nídìí máíkì n’Ìbàdàn níbí, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lórí ètò òwúrọ̀ tí àwọn aráàlú ń gbé ẹjọ́ wọn wá. Ní bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, obìnrin mẹ́ta tó ń ta èlùbọ́ wọlé wá bá wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Wọ́n mú káàdì àjọ wọn dání, ilà ti kún un láti ọjọ́ kìíní oṣù dé ọjọ́ kẹtàlélógún. Fún ọmọ yín tó lè má mọ̀ ọ́n: alájọ á máa yípo ọjà lójoojúmọ́, oníkálukú á fún un ní iye tó bá dá, á fa ilà sí káàdì rẹ̀, bí oṣù bá parí á kó owó olówó fún un, á yọ ti ọjọ́ kan ṣe owó iṣẹ́ rẹ̀. Alájọ wọn kò yọjú mọ́ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́kún, ó ní owó ilé-ìwé ọmọ òun ni. Omi lé ròrò sójú èmi náà. Mo fa máíkì mọ́ra, mo dárúkọ ọkùnrin náà, mo dárúkọ àdúgbò tó ń gbé, mo ní olè ni, ẹni tó bá rí i kó mú un. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pe orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé orin sí i.

Ọsibítù lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkùnrin náà wà. Ọkọ̀ ló gbá a, itan rẹ̀ ṣẹ́. Owó àjọ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kọ́bọ̀ ò dín níbẹ̀. Kí a tó gbọ́ èyí, àwọn kan ti ya lọ sílé rẹ̀, wọ́n ti da àpò gaàrí méjì tí ìyàwó rẹ̀ ń tà sínú gọ́tà. Ọ̀gá wa ní kí n tún un ṣe lórí afẹ́fẹ́, mo sì ṣe é. Mo ní: “Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ alájọ tó wáyé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n sọ fún wa la sọ.” Ọkàn mi balẹ̀, mo lọ jẹun. Oṣù kan lẹ́yìn náà ló dé, igi méjì lábíyá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí a gbé sẹ́nu ọ̀nà fún àwọn tó mú ẹjọ́ wá. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Ìyáàfin, ẹ ò tíì bẹ̀ mí o. Àwọn olùgbọ́ lẹ bẹ̀. Nígbà tí ẹ pè mí lólè, ẹ dárúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí ẹ wá ń bẹ̀bẹ̀, mo di ‘ọ̀rọ̀ alájọ’.”

Ẹ jẹ́ kí á wá mú èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí ẹ ń gbé, torí kò sí àpẹẹrẹ tó kún tó o. Lẹ́yìn ikú Jimmy Savile, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n BBC, ní 2011, ọdún tó tẹ̀ lé e ni gbogbo ayé gbọ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ba àwọn ọmọdé jẹ́, tí àwọn tó figbe ta kò sì rí ẹni dá wọn lóhùn. Ojú ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ọlọ́pàá, oníròyìn, olóṣèlú, gbogbo wọn búra pé àwọn kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Inú ìtìjú yẹn ni ọkùnrin kan ti yọjú, tí ìwé ìròyìn kọ́kọ́ fi orúkọ “Nick” bò. Carl Beech ni orúkọ rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àwọn olóṣèlú ńlá àti ọ̀gá ológun fipá bá òun lò, wọ́n sì pa ọmọkùnrin mẹ́ta. Oṣù kọkànlá 2014 ni ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù dá ìwádìí kan sílẹ̀, Operation Midland ni wọ́n pè é. Nínú oṣù kejìlá, ọ̀kan nínú ọ̀gá tó ń darí rẹ̀ dúró níwájú oníròyìn, ó ní ọ̀rọ̀ Nick ṣeé gbà gbọ́, òótọ́ sì ni. Ìwádìí ò tíì pé oṣù méjì, wọ́n ti dájọ́.

Tom Watson, aṣòfin ẹgbẹ́ Labour tó di igbá kejì olórí ẹgbẹ́ náà ní 2015, ló wà níwájú nínú àwọn ẹni ńlá tó ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí. Láti oṣù kẹwàá 2012 ló ti dìde nílé aṣòfin, tó ní kí wọ́n wádìí àwọn tó ń ba ọmọdé jẹ́ tí wọ́n ní ẹsẹ̀ nílé aṣòfin àti lọ́fíìsì olórí ìjọba. Ó pàdé Beech fúnra rẹ̀ ní 2014. Leon Brittan, tó ti ṣe mínísítà abẹ́lé rí, wà lára àwọn tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn. Ó kú ní oṣù kìíní 2015 láìgbọ́ pé òun kò lẹ́jọ́ í jẹ́. Òkú rẹ̀ kò tíì tutù tí Watson fi kọ àpilẹ̀kọ, tó tún ọ̀rọ̀ ẹnìkan sọ nínú rẹ̀ pé kò sí bí èèyàn ṣe lè sún mọ́ ibi ju bí ọkùnrin náà ti sún mọ́ ọn lọ. Opó rẹ̀ ka ìyẹn.

Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, bí ogún ọlọ́pàá ya wọ ilé Lord Bramall. Ọ̀gágun yìí jà ní Normandy ní 1944, ó sì ti ṣe olórí gbogbo ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì rí. Ẹni ọdún 91 ni lọ́jọ́ tí wọ́n ń tú ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tí àrùn ìgbàgbé ti mú wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Oṣù keje ni ìyá náà kú. Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó sọ fún bàbá pé kò sí nǹkan kan tí wọ́n máa bi í mọ́. Harvey Proctor, aṣòfin àtijọ́ kan, pàdánù iṣẹ́ àti ilé tó ń gbé. Oṣù kẹta 2016 ni ìwádìí náà parí, wọn ò mú ẹnìkan ṣoṣo, owó tó bá a lọ sì tó mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ pọ́n-ùn. Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Sir Richard Henriques, yẹ iṣẹ́ ọlọ́pàá wò, ó ka àṣìṣe 43. Ní oṣù keje 2019, kóòtù Newcastle dá Beech lẹ́bi, wọ́n ní kó lọ fẹ̀wọ̀n ọdún 18 jura.

Ìgbà tí Watson wá bẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọmọ yín tẹ́tí sí jù. Ní oṣù kẹwàá 2015, oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ikú Brittan, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ opó náà pé òun tún ọ̀rọ̀ burúkú yẹn sọ. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní tọrọ àforíjì pé òun gbé ẹ̀sùn tó dé etí òun lọ bá ọlọ́pàá, ó ní iṣẹ́ aṣòfin nìyẹn. Wọ́n bú u nígbà náà pé ó ń fi ẹnu kan bẹ̀bẹ̀, ó ń fi òmíràn gbéra ga. Èmi ò bú u lórí ìyẹn. Ibi tó fa ìlà sí gan-an ni ìlà wà. Pé ẹ̀bẹ̀ náà pẹ́ kó tó dé ni mo ṣe bú u.

Ẹ gbọ́ bí èdè wa ṣe là á. A ní “mo gbọ́ ọ.” A tún ní “mo gbà ọ́ gbọ́.” Ọ̀rọ̀ gbọ́ wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ kò tíì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ. Ẹni tó bá gbọ́ ẹkún obìnrin, tó fi í jókòó, tó bá a wá lọ́yà, tó bá a lọ dé àgọ́ ọlọ́pàá, tó pariwo pé kí wọ́n má ṣe gbé fáìlì rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ẹni yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ padà di irọ́. Kò pọndandan kó bẹ̀bẹ̀. Níbẹ̀ ni ọmọ yín ti jàre, kó mú un lọ. Ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni ńlá yẹn bá ní “lágbájá ló ṣe é,” tàbí “ẹni ibi ni.” Kì í ṣe pé ó gbọ́ mọ́, ó ti dájọ́. Àwọn àgbà sì ti ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo gbọ́ ẹjọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yẹn, ìyẹn dára. Olè tí mo pe ọkùnrin yẹn ni kò dára.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pẹ̀lú pé ẹ̀rù tó ń bà á ní ìdí. Àwọn tó ń parọ́ ìfipábánilòpọ̀ kò tó nǹkan lára àwọn tó ń sọ òótọ́, àwọn tó sì ń sọ òótọ́ tí kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn pọ̀ lọ jàra. Mo ti jókòó tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ba nǹkan jẹ́ fún wọn lẹ́yìn 2019? Kì í ṣe ẹni tó bẹ̀bẹ̀. Beech ni, àti àwọn tó fi ẹnu wọn ṣe ìjẹ́rìí rẹ̀ láìrí nǹkan kan. Tí àwọn wọ̀nyẹn bá dákẹ́, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ẹkún obìnrin tẹ́lẹ̀ ló máa rí ohun tó máa fi ṣe ẹlẹ́yà.

Kí ló ń mú wọn yára bẹ́ẹ̀ ná? Láyé tèmi, a ní wákàtí kan láàárín ìgbà tí ẹjọ́ bá dé ọ́fíìsì àti ìgbà tí a máa gbé e sáfẹ́fẹ́, mo sì tún ṣi í ṣe. Lónìí, kí gbajúmọ̀ tó fọ ẹnu, ẹgbẹ̀rún èèyàn ti wà lójú ewé rẹ̀ tí wọ́n ń bi í pé kí ló dé tó dákẹ́. Ìdákẹ́ ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló máa dà bí ẹni tó láàánú jù. Èyí tó wá burú jù nínú gbogbo rẹ̀, irọ́ tó bá bá ohun tí a ti gbà tẹ́lẹ̀ mu kì í dùn bí irọ́ létí. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn alájọ kan ń sá lọ. Nítorí náà, ẹjọ́ àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò yà mí lẹ́nu, ohun tí kò bá sì ya ni lẹ́nu, a kì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí wọ́n wá kọ̀ láti bẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Lọ́yà ló kọ́kọ́ ń dí wọn lọ́wọ́. Ó máa ní “tí ẹ bá bẹ̀bẹ̀, ẹ ti jẹ́wọ́ nìyẹn.” Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Láti 1843 ni òfin ìbanilórúkọjẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí òfin tiwa ní Nàìjíríà ti jáde, ti gbà kí ẹni tó ti bẹ̀bẹ̀ mú ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wá síwájú adájọ́ kí owó tó máa san lè dínkù. Aṣòfin tó bá sọ̀rọ̀ nínú ilé aṣòfin kò tilẹ̀ ní ìdí kankan láti máa wo ojú lọ́yà, torí láti 1689 ni òfin ti ní ẹnikẹ́ni kò lè pè é lẹ́jọ́ lórí ohun tó bá sọ níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí òfin bá dáàbò bò tó báyẹn ni ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yẹ kó yára jù, torí ẹni tó bà lórúkọ jẹ́ kò ní ibòmíràn tó lè lọ.

Àwọn alátìlẹ́yìn ló tẹ̀ lé lọ́yà nínú ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin 1989, wọ́n fipá bá obìnrin kan lò ní Central Park ní New York, wọ́n lù ú bí ẹni pé kó kú. Ọlọ́pàá mú ọmọkùnrin márùn-ún, aláwọ̀ dúdú àti Látínò, ọjọ́ orí wọn kò ju 14 sí 16 lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, kí kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ wọn rárá, Donald Trump, oníṣòwò ilé nígbà náà, ra ojú ewé odidi nínú ìwé ìròyìn mẹ́rin. Dọ́là 85,000 ni wọ́n ní ó ná an. Ó ní kí wọ́n dá ìjìyà ikú padà. Kò dárúkọ ọmọ kankan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni ní New York tí kò mọ àwọn tó ń bá wí. Wọ́n ṣẹ̀wọ̀n. Ní 2002, ọkùnrin kan tó ti wà lẹ́wọ̀n jẹ́wọ́ pé òun nìkan ló ṣe é, àyẹ̀wò DNA sì bá ẹnu rẹ̀ mu. Kóòtù fagi lé ẹjọ́ àwọn ọmọ náà. Ní 2014, ìlú New York gbà láti san mílíọ̀nù 41 dọ́là fún wọn, Trump kọ ọ́ síwèé ìròyìn pé ìtìjú ni owó yẹn. Ní 2019, nígbà tí wọ́n bi í ní White House bóyá á tọrọ àforíjì, ó ní àwọn ọmọ náà jẹ́wọ́ nígbà yẹn. Yusef Salaam, ọ̀kan nínú wọn, ti wọlé ìbò sí ìgbìmọ̀ ìlú New York ní 2023. Kò tíì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu Trump. Ẹni tó bá ti fi ìdánilójú rẹ̀ kó èèyàn jọ, ọjọ́ tó bá ní òun ṣì í ni ẹ̀rù máa bà á pé wọ́n á bi í pé kí ni ó tún ṣì.

Mo ti rí ẹni tó ti orí pẹ̀lẹ́ bọ́ sórí mo jẹ̀bi. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò, tí kọ̀ǹpútà Horizon tí Fujitsu ṣe ń sọ pé owó dín lọ́wọ́ wọn. Láàárín 1999 sí 2015, ó lé ní 900 èèyàn tí wọ́n dá lẹ́bi olè àti jìbìtì, àṣìṣe kọ̀ǹpútà náà ló sì wà nídìí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ náà. Alan Bates, ọ̀kan nínú wọn, kọ̀wé sí Ed Davey tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ìfìwéránṣẹ́ ní 2010, ó ní kó jẹ́ kí àwọn ríra. Davey dá a lóhùn pé òun kò rò pé ìpàdé bẹ́ẹ̀ máa wúlò, oṣù díẹ̀ kọjá kó tó gbà. Ní oṣù kìíní 2024, tí tẹlifíṣọ̀n gbé ọ̀rọ̀ náà jáde tí inú gbogbo ìlú ń ru, ó kọ́kọ́ ní wọ́n parọ́ fún òun ni, ó sì dun òun. Pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Inú àwọn èèyàn kò rọ̀. Nígbà tó di oṣù kejì, ó kọ ọ́ jáde pé kí wọ́n forí ji òun nítorí òun kò rí irọ́ náà, àti nítorí oṣù tí òun fi jẹ́ kí Bates dúró. Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀: ó ti dárúkọ ẹni, ó ti dárúkọ ohun tí òun fúnra òun ṣe. Àwọn kan ní ìbò ló ń lé kiri. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bates kò ní kó má jẹ́ olóṣèlú.

Ibì kan wà tí mi ò ní bá yín pariwo kí wọ́n bẹ̀bẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Jussie Smollett ló wà lọ́kàn ọmọ yín, torí ẹ dárúkọ Chicago, ìlú tó ti ṣẹlẹ̀, níbi tí mo gé kúrò nínú lẹ́tà yín. Ní oṣù kìíní 2019, eléré yìí sọ fún ọlọ́pàá pé ọkùnrin méjì lu òun lóru, wọ́n fi okùn kọ́ òun lọ́rùn. Kamala Harris àti Cory Booker, aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ ọ́ jáde pé bí wọ́n ṣe ń pa aláwọ̀ dúdú láyé ọjọ́un nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọlọ́pàá mú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Osundairo, ọmọ tiwa, orúkọ wọn ti sọ ọ́. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, àwọn náà sì ní Smollett ló fún àwọn lówó láti ṣe eré náà. Ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń bá kóòtù gbọ́ ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 2021. Ní 2024, kóòtù gíga jù ní Illinois fagi lé e, torí agbẹjọ́rò ìjọba ti bá a ṣe àdéhùn tẹ́lẹ̀ láti jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Kóòtù kò sọ pé ó parọ́, kò sì sọ pé kò parọ́. Òun fúnra rẹ̀ ní òun kò parọ́ títí dòní. Harris kọ̀wé pé inú òun bàjẹ́, ó sì sú òun. Ẹ lè ní kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ta ló máa dárúkọ? Kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn. Bó bá jẹ́ èmi ni, mo máa ní mo yára, mo máa ní n kò ní yára bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tó ju ìyẹn lọ, mi ò rí ẹni tí mo máa kúnlẹ̀ fún.

Nítorí náà, tí gbajúmọ̀ kan bá wá bá mi pé kí ni kí òun ṣe, mo máa ní kó kọ́kọ́ lọ sílé ẹni tó ṣẹ̀, kó mú àgbàlagbà kan dání, kó tó fọwọ́ kan fóònù. Kó bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun ní gbangba. Èyí ṣe pàtàkì, torí mo ti pàdé ẹni tó ní ká jọ̀wọ́ má tún pe orúkọ òun mọ́ láéláé, pé àwọn ọmọ òun kò mọ̀, kí wọ́n má mọ̀. Tó bá gbà, kó sọ ọ́ níbi tó ti sọ ti tẹ́lẹ̀, ní aago tí èrò ń gbọ́, kó má fi “bí mo bá ṣẹ ẹnikẹ́ni” bẹ̀rẹ̀, kó má ní “ohun tí wọ́n sọ fún wa la sọ.” Kó má pa ti àtijọ́ rẹ́ bí ẹni pé kò kọ ọ́ rí, kó kọ ti òótọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ inú yàrá nìkan kò tó fún ẹ̀ṣẹ̀ orí òrùlé. Ìgbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò.

Mi ò sì ní tàn yín pé ó ń tún ohun gbogbo ṣe. Olórí ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù tó kọ̀ láti bẹ Bramall ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016 lọ bẹ̀ ẹ́ kí ọdún náà tó parí, ṣùgbọ́n ìyàwó bàbá ti wà nínú ilẹ̀. Ìwé ìròyìn Kátólíìkì kan ní Faransé, La Croix, tó ti bá wọn pariwo ọ̀dàlẹ̀ lé Dreyfus, kápútéènì ológun tó jẹ́ Júù, tí wọ́n parọ́ mọ́ ní 1894 pé ó ta àṣírí ìlú, ọdún 1998 ló tó tọrọ àforíjì. Kò sí ẹni tó kàn láyé mọ́.

Èmi tún tèmi ṣe lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí alájọ wá. Ní aago kan náà, mo dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ní èmi ni mo pè é lólè, kò jalè, mo jẹ̀bi. A sanwó gaàrí náà. Nínú àwọn ìyá mẹ́ta yẹn, ẹnìkan ló padà dá àjọ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó kù ti ní alájọ mìíràn. Kò pẹ́ tó fi kó lọ sí Mọ́níyà. Òun máa ń kí mi. Ìyàwó rẹ̀ ni mo pàdé lọ́jọ́ kan ní Bódìjà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo kúnlẹ̀ fún un láàárín ọjà. Ó ní, “Ẹ dìde, Ìyáàfin, ilẹ̀ tutù,” ó gbé igbá rẹ̀ rù, ó kọjá lọ.